Ẹyẹlé, Eku àti Ọ̀rọ̀ Ogbó



Orúkọ Ẹlẹ́yẹlé kò ṣe àjèjì sí ará Ìbàdàn. Adágún omi tí ó wà níbẹ̀ láti 1942, nígbà tí a sé odò Ọ̀nà, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹyẹ tí ó wà nínú orúkọ náà ni ọ̀rọ̀ òní dá lé. Ẹni tí ó bá ń sin ẹyẹlé mọ̀ pé eku a máa wá jí ọkà rẹ̀ jẹ. Bí a bá gbé àwọn méjèèjì lé òṣùwọ̀n, ìwọ̀n wọn lè fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Síbẹ̀, eku tí a tọ́jú dáadáa ní ilé ìwádìí kì í sábà kọjá ọdún 3 tàbí 4, ẹyẹlé tí a tọ́jú sì lè tó ọdún 35. Kí ni ó fa ìyàtọ̀ yìí?

Ní ìgbà kan, àwọn onímọ̀ gbà pé ẹ̀mí dà bí àtùpà: èyí tí iná rẹ̀ bá ń jó geere ni epo rẹ̀ yóò tètè tán. Raymond Pearl, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, kọ ìwé lórí èrò yìí ní 1928. Èrò náà bá ọgbọ́n mu, nítorí erin, tí ọkàn rẹ̀ ń lù jẹ́jẹ́, ń pẹ́ láyé ju eku lọ. Ẹyẹlé ni kò jẹ́ kí ó fìdí múlẹ̀. Iná inú ara rẹ̀ kò rẹlẹ̀ sí ti eku, síbẹ̀ ọjọ́ ayé rẹ̀ lè tó ìlọ́po 8 ti eku.

Ní àwọn ọdún 1990, Gustavo Barja àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Madrid fi àwọn méjèèjì wé ara wọn. Bí ara ti ń fi afẹ́fẹ́ jó oúnjẹ láti rí agbára, bẹ́ẹ̀ ni ohun olóró díẹ̀ ń jáde, bí èéfín láti inú ààrò, tí ó sì ń ba inú ara jẹ́. Wọ́n rí i pé èéfín inú ara ẹyẹlé kéré sí ti eku. Ààrò méjèèjì ń jó bákan náà. Èéfín wọn ni kò dọ́gba. Kì í ṣe gbogbo onímọ̀ ni ó gbà pé èéfín yìí nìkan ni ó ń fa ogbó.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ara ẹyẹlé fi mọ ìtọ́jú ara rẹ̀ ju ti eku lọ? Peter Medawar ṣe àlàyé kan ní London ní 1951, George Williams sì tẹ̀ síwájú nínú rẹ̀ ní 1957. Ẹranko tí ológbò, ejò àti òwìwí ń pa ní kékeré kò rí èrè kan nínú ara tí ó lè pẹ́. Àǹfààní tirẹ̀ ni kí ó tètè bímọ, kí ó sì bí púpọ̀, kí ikú tó dé. Ẹyẹ ní tirẹ̀ lè fò sá. Ara tí ń tún ara rẹ̀ ṣe yóò lérè fún un, nítorí yóò tún pamọ lọ́dún tí ń bọ̀.

Steven Austad ni ó gbé àlàyé yìí lọ sí inú igbó láti dán an wò. Ní Venezuela, ó máa ń mú ẹranko kan tí a ń pè ní opossum, tí ó tó ológbò, tí ó sì ń gbé ọmọ rẹ̀ sínú àpò ikùn. Ẹnu yà á pé èyí tí ara rẹ̀ le koko nígbà tí ó kọ́kọ́ mú un ti di arúgbó lẹ́yìn oṣù díẹ̀, tí awọ funfun ti bo ẹyinjú rẹ̀. Ó wá ibi tí ẹranko apanijẹ kò ti pọ̀, ó sì rí i ní erékùṣù Sapelo, létí òkun ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà, tí omi ti yà sọ́tọ̀ láti nǹkan bí ọdún 4,000 sí 5,000 sẹ́yìn. Ó so ẹ̀rọ rédíò kékeré mọ́ àwọn opossum lọ́rùn, ní erékùṣù àti ní òkè ilẹ̀, ó ń tọ ipa wọn, ó sì ń kọ ohun tí ó rí sílẹ̀. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 1993: àwọn ti erékùṣù pẹ́ láyé ju àwọn yòókù lọ, ọmọ tí wọ́n ń bí lẹ́ẹ̀kan kò tó ti wọn, iṣan ìrù wọn pàápàá kò sì tètè gbó.

Àkọsílẹ̀ yẹn ni ó sọ ọ̀rọ̀ náà di ìmọ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, Alágbà, ìjàpá ààfin Ṣọ̀ún ti Ògbómọ̀ṣọ́, kú. Ààfin sọ pé ọdún 344 ni ó lò láyé. Ìjàpá a máa pẹ́ lóòótọ́: ilé tí ó gbé kọ́ ẹ̀yìn ń dáàbò bò ó, bí ìyẹ́ ti ń gba ẹyẹlé. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ṣiyèméjì sí iye ọdún náà, nítorí kò sí ìwé tí ó tì í lẹ́yìn. Ti Jonathan, ìjàpá erékùṣù St Helena, yàtọ̀: ó hàn nínú àkọsílẹ̀ pé ó ti dàgbà tán nígbà tí a gbé e débẹ̀ ní 1882, láti ibẹ̀ sì ni a ti ṣírò pé nǹkan bí 1832 ni ó jáde láti inú ẹyin. Ọ̀wọ̀ tí a ní fún àgbà kò gbọdọ̀ dí wa lọ́wọ́ kíka ọdún rẹ̀.

Àwọn ìwádìí wọ̀nyí kò tíì bí oògùn tí ń dá ogbó dúró. Ohun tí wọ́n fi hàn ni pé kì í ṣe ìwọ̀n kan náà ni gbogbo ẹ̀dá fi ń gbó, àti pé a lè wádìí ohun tí ó fà á. Ẹni tí ó bá ń sin ẹyẹlé, ní Ẹlẹ́yẹlé tàbí níbòmíràn, lè ṣe ipa tirẹ̀. Kí ó fi òrùka kékeré sí ọmọ ẹyẹlé lẹ́sẹ̀ nígbà tí ó ṣì wà nínú ìtẹ́, kí ó kọ ọjọ́ náà sínú ìwé, kí ó sì fi ìwé náà han ọmọ rẹ̀. Nítorí ẹyẹ náà lè wà láyé títí ọmọ yẹn yóò fi di òbí.