Ẹni Tí Ó Ń Gbàgbé Kò Gbọ́dọ̀ Di Ẹni Ìgbàgbé

Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ọmọ ìjọ àti ìdílé ní etíkun Ìlàjẹ

 

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ jọ sọ lónìí kò ṣàjèjì nínú ilé wa, ṣùgbọ́n a kì í fẹ́ sọ ọ́ síta. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà wa tí iyè wọn ń fò ni. Bàbá jẹun tán, ó ní ebi ni a fi ń pa òun. Ìyá ń fi orúkọ àbúrò rẹ̀ tí ó ti kú pe ọmọ tí ó bí. Àwa a ní, "Wọ́n ti ń ṣarán," a ó sì rẹ́rìn-ín. Àwọn mìíràn kì í rẹ́rìn-ín, wọ́n a ní àjẹ́ ni.

Àìsàn ni, ẹ̀yin ará. Ẹni tí àìsàn bá sì ń ṣe, ìtọ́jú ló tọ́ sí i.

Kí ni ó ń ṣe wọ́n?

Kò sí àgbà tí kì í gbàgbé ibi tí ó fi kọ́kọ́rọ́ sí. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn kò bá mọ ohun tí a ń fi kọ́kọ́rọ́ ṣe mọ́, tàbí bí ìyá tí ó ti ń ṣe púpurù láti kékeré kò bá mọ èyí tí a kọ́kọ́ ń ṣe mọ́, nǹkan ti ń ṣe ọpọlọ nìyẹn. Àwọn dókítà ń pè é ní dimẹ́ńṣíà. Oríṣi rẹ̀ tí ó wọ́pọ̀ jù ni Alzheimer, tí wọ́n fi orúkọ dókítà ará Jámánì tí ó ṣàlàyé rẹ̀ ní ọdún 1906 pè. Òmíràn máa ń tẹ̀lé ẹ̀jẹ̀ ríru àti rọpárọsẹ̀.

Àwọn kan ní àìsàn òyìnbó ni. Ní ọdún 1992, àwọn dókítà Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ àwọn àgbà ọlọ́dún 65 sókè wò ní Ìdíkàn, Ìbàdàn, àti láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis. Ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2001 ni pé nínú ẹgbẹ̀rún àgbà, bí 14 ni ó ń kó àìsàn yìí lọ́dún ní Ìbàdàn, bí 32 sì ni ní Indianapolis. Tiwa kéré sí tiwọn, ṣùgbọ́n ó wà láàárín wa. Àrùn tí ń ṣe ogójì ní ń ṣe ọ̀ọ́dúnrún.

Kò tíì sí oògùn tí ń wò ó sàn pátápátá. Síbẹ̀, ìwádìí àwọn ọ̀mọ̀wé tí ó jáde ní ọdún 2024 nínú ìwé Lancet fi hàn pé bí a bá lè mú gbogbo ohun mẹ́rìnlá tí wọ́n kà sílẹ̀ kúrò, ó ṣeé ṣe kí a dènà bí ìdajì rẹ̀ tàbí kí a dá a dúró fún ìgbà díẹ̀. Lára wọn ni ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, etí tí kò gbọ́ràn dáadáa, sìgá, ọtí àmujù àti ìdánìkanwà. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wọn ẹ̀jẹ̀ wa. Kí ògógóró dín kù.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: bí iyè àgbà bá dàrú lójijì, láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Ó lè jẹ́ ibà, àrùn ìtọ̀, àìmu omi tó, tàbí oògùn tí ó lò ni ó fà á, ìyẹn sì ṣeé wò.

Ewu ti omi

Níbi tí ilẹ̀ gbígbẹ wà, àgbà tí ó bá ṣìnà a kàn máa rìn kiri ni. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, àfárá pákó ni ọ̀nà, omi sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó ti fi ogójì ọdún na àwọ̀n a máa jí ní ìdájí, a ní ọkọ̀ ń dúró de òun. Ẹ má ṣe bá a jà. Ẹ gbé àjẹ̀ kúrò ní ìtòsí, kí ẹ sì so ọkọ̀ mọ́ ibi tí ọwọ́ rẹ̀ kò ti ní tètè tó o. Ẹ fi ọparun tàbí okùn líle ṣe ìdìmú sí ẹ̀gbẹ́ àfárá. Kí iná wà lóru. Ẹ rán orúkọ àti nọ́ńbà fóònù mọ́ aṣọ rẹ̀. Ẹ sọ fún àwọn awakọ̀ ojú omi ní èbúté Ìgbókòdá pé bí wọ́n bá rí i, kí wọ́n má gbé e lọ, kí wọ́n pè yín. Kí ó má sì dá dúró nídìí iná tí a fi ń yan ẹja.

Ilé tí òkun ti gbà

Ẹ̀yin ará Ayétòrò, ìlú tí a tẹ̀ dó ní ọdún 1947, ẹ mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Òkun ti gba ọ̀pọ̀ ilé lọ́wọ́ wa. Àgbà tí àìsàn yìí ń ṣe a sì máa rántí ohun àtijọ́ ju ti àná lọ. Yóò ní, "Ẹ mú mi lọ sílé." Ilé tí ó ń sọ wà ní iyè rẹ̀, kò sí ní etíkun mọ́. Bí ọmọ bá dáhùn pé, "Ṣebí òkun ti gbé e lọ," ńṣe ni bàbá máa ń gbọ́ ọ bí ìròyìn tuntun, a sì sunkún. Lọ́la, yóò tún béèrè. Ṣé ojoojúmọ́ ni a ó máa sọ ọ̀fọ̀ fún un?

Ẹ bi í pé, "Bàbá, yàrá mélòó ni ilé yẹn ní? Ta ni ẹ jọ kọ́ ọ?" Kò sí irọ́ nínú ìyẹn, ọkàn rẹ̀ yóò sì balẹ̀. Bí ẹ bá sì ní láti kó kúrò níbi tí òkun ń jẹ, ẹ gbé ẹní rẹ̀, ife rẹ̀ àti àga rẹ̀ dání. Kí ẹni tí ó mọ̀ dunjú wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ má sì máa bi í pé, "Ṣé ẹ mọ̀ mí?" Ẹ kúkú sọ pé, "Ìyá, èmi ni, ọmọ yín."

Ẹ̀sùn àti ẹ̀wọ̀n

Ìyá tí ó ń dá sọ̀rọ̀ lóru kò jẹ́wọ́ nǹkan kan. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe wòlíì, sọ ọ́ di àjẹ́. Ní ọdún 2019, àjọ Human Rights Watch tẹ ìròyìn jáde nípa àwọn tí àìsàn ọpọlọ ń ṣe tí wọ́n rí nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ní Nàìjíríà, ilé àdúrà àwa Kristẹni sì wà lára ibi tí wọ́n ti rí wọn. Ní January ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ láti rọ́pò òfin àtijọ́ ti ayé àwọn òyìnbó. Àdúrà dára, ẹ máa gbà á. Àdúrà kò nílò ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, kò nílò ààwẹ̀ àfipáṣe fún ẹni ọgọ́rin ọdún.

Olè jíjà kan tún wà tí a kì í dárúkọ. Gbígba ìtẹ̀ka lọ́wọ́ àgbà tí kò mọ ohun tí ó ń tẹ̀, lórí ìwé ilẹ̀ tàbí owó ìfẹ̀yìntì, ìwà ìrẹ́jẹ ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ bíbí inú rẹ̀ ni ó ṣe é.

Ta ni ó ń tọ́jú olùtọ́jú?

Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní ń mu. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, nínú ọmọ mẹ́fà, ọ̀kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń jókòó ti ìyá, obìnrin sì ni lọ́pọ̀ ìgbà. Kò sùn, ọjà rẹ̀ ti bàjẹ́. Àwọn ẹ̀gbọ́n tí ó wà ní Èkó ń pè lórí fóònù láti béèrè ìdí tí ìyá fi rù. Bí àárẹ̀ bá mú ọmọ yìí tí ó jágbe mọ́ ìyá, ẹjọ́ kì í ṣe tirẹ̀ nìkan.

Jésù bá àwọn tí ó fi ohun tí ó yẹ kí wọ́n fi ran òbí wọn lọ́wọ́ jẹ́ ọrẹ sí Ọlọ́run wí, ìwé Máàkù orí keje sọ ọ́. Ẹni tí ó ń dá owó ìkórè ńlá nígbà tí ìyá rẹ̀ kò ní aṣọ ìpààrọ̀, kí ó tún un kà.

Mo bẹ̀ yín, kí ìjọ kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ àwọn àgbà wọ̀nyí àti ti ẹni tí ń tọ́jú wọn sílẹ̀. Kí àwọn méjì méjì máa lọ jókòó tì wọ́n ní ọ̀sán kan lọ́sẹ̀, kí olùtọ́jú lè lọ sọ́jà tàbí kí ó sùn. Kí àpò ìjọ máa san owó ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilé ìwòsàn Ìgbókòdá. Kí àwọn ọmọ tí ó wà lẹ́yìn odi máa fi owó ránṣẹ́ lóṣooṣù, kí wọ́n sì máa wá gba iṣẹ́ náà ṣe fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹni tí ó wà nílé lè sinmi.

Àwọn tí iyè wọn ń fò lónìí ni ó kọ́ wa ní orúkọ ẹja àti orúkọ odò. Bí wọn kò bá mọ orúkọ wa mọ́, àwa mọ tiwọn. Kí Olúwa fún wa ní sùúrù. Àmín.