Efínrín Dára, Ṣùgbọ́n Omi Ló Kọ́kọ́ Yẹ Kí Ọmọ Mu

Ọ̀rọ̀ efínrín ni mo bá wá.

Bí inú bá ń run ọmọ, tàbí tó ń yàgbẹ́ gbuuru, ewé yẹn là ń já. Àwọn àgbà ò ṣìnà. Òórùn tó ń gba ilé tẹ́ ẹ bá rún un, òróró inú ewé náà ni, èròjà kan tó ń jẹ́ thymol sì wà nínú rẹ̀. Láti 1969 ni El-Said, Sofowora àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti gbé ìwádìí jáde lórí efínrín bí a ṣe ń fi ṣe oògùn ní Nàìjíríà. Thymol máa ń dá ara kòkòrò àìsàn lu, ohun inú rẹ̀ á jò dànù, á sì kú. Òun náà ló wà nínú omi ìfọnu Listerine.

Àmọ́ inú ìgò àyẹ̀wò yàtọ̀ sí inú ọmọ. Efínrín mìíràn wà tó jẹ́ pé eugenol, èròjà inú kànáfùrù, ló pọ̀ nínú tiẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì ń sè é láìdé ìkòkò, òórùn tó ń bá ooru lọ yẹn, oògùn ló ń lọ. Ta ló wá mọ ìwọ̀n tó kù nínú ife?

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé omi àti iyọ̀ tó ń tán lára ló sábà máa ń pa ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru. Efínrín ò lè dá ìyẹn padà. Ẹ po ORS fún un. Tí kò bá sí, ẹ wọn líta omi mímọ́ 1, ṣúgà ṣíbí tíì 6 tẹ́ ẹ fọwọ́ pa orí rẹ̀ dọ́gba, àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni kó máa mu ún. Ẹ má dá ọmú dúró. Ẹ béèrè zinc ní ibùdó ìlera. Ọjọ́ 10 sí 14 ni wọ́n ń lò ó. Bí ojú ọmọ bá jìn wọnú, tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́, tàbí tí kò lè mumi mọ́, ẹ gbé e lọ ọsibítù kíákíá. Òróró ewé tí wọ́n ń tà nínú ìgò kékeré ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún ọmọ mu.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Ékòó àti lókè òkun, tí wọ́n bá pè yín láti ilé pé ọmọ ń yàgbẹ́, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n pé: "Ṣé ẹ ti fún un lómi oníyọ̀ àti ṣúgà?" Lẹ́yìn náà lẹ wá fowó ránṣẹ́.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká fọmọ sunkún o.