Ọkọ̀ Ojú Irin Ìṣeré

Ọdún 1891 ni ilé iṣẹ́ Märklin ti ilẹ̀ Jámánì pàtẹ ọkọ̀ ojú irin ìṣeré kan ní ìlú Leipzig. Irin rẹ̀ ṣeé fi kún: ẹni tó ra díẹ̀ lónìí lè ra òmíràn so mọ́ ọn lọ́la. Bí àwọn àgbàlagbà pàápàá ṣe ń kó o jọ nìyẹn, tí wọ́n sì ń pàtẹ rẹ̀ fáráyé wò.

Oríṣi tó gbajúmọ̀ jù ni HO. Ọkọ̀ gidi fi ìlọ́po 87 tóbi jù ú lọ. Ẹ wo ojú irin Itakpe sí Warri, tó bẹ̀rẹ̀ ní Kogi wa níbí, tí wọ́n ṣí lọ́dún 2020. Mìlímítà 1435 ló wà láàárín irin rẹ̀ méjèèjì. Nínú HO, ìyẹn di mìlímítà 16.5 péré, bí ìbú ìka kan.

Ní Iyamoye àti káàkiri ilẹ̀ Òkun, ọwọ́ ara wọn ni àwọn ọmọdé fi ń ṣe ọkọ̀ ìṣeré tiwọn. Agolo sàdíìnì ni ara ọkọ̀, ìdérí ìgò mínírà tàbí awẹ́ sálúbàtà ni táyà, okùn ló so wọ́n pọ̀. Iṣẹ́ ọpọlọ gidi ni. Ilé Jaekel tí wọ́n kọ́ ní 1898 ní Èbúté Mẹ́tta ń tọ́jú ohun ìrántí rélùwéè. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ agolo àwọn ọmọ wa kò ní irú ilé bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ má da ọkọ̀ agolo wọn sí ààtàn.