Ẹ̀kọ́ Ilé fún Ẹ̀rọ Tó Ń Lọ Sájò

 

Bí òbí bá fẹ́ rán ọmọ lọ gbé lọ́dọ̀ ẹbí tó wà lókèèrè, kì í ṣe ọjọ́ tí ọmọ bá dé ọ̀hún ni wọ́n ń kọ́ ọ ní ìkúnlẹ̀. Láti ilé ni wọ́n ti ń sọ fún un: báyìí ni a ṣe ń kí àgbà, ẹni báyìí ni kí o béèrè bí o bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, owó rẹ nìyí, má fi han ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rọ tí a rán láti Kútọnu wá sí ìlú Ṣábẹ̀ẹ́ wa níbí, tí yóò tún kọjá lọ sí abúlé kan létí odò Ọ̀pàrà, ọmọ tó ń rìnrìn àjò ni òun náà. Ohun tí mo wá sọ ni pé ẹ̀kọ́ ilé rẹ̀ gbọ́dọ̀ pé kí ó tó kúrò nílé, kí ẹ̀kọ́ náà sì bá ibi tó ń lọ mu. Ilé là ń wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ.

Ẹ̀kọ́ ilé yìí ni àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè ní prófáìlì. Fáìlì kan ni, kò tóbi rárá. Inú rẹ̀ la kọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ẹ̀rọ yóò lò sí, aago tí yóò tẹ̀ lé, èdè tí yóò fi bá èèyàn sọ̀rọ̀, iṣẹ́ tí kò gbọdọ̀ dán wò, àti sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà àárín gbùngbùn tí yóò máa jíṣẹ́ fún. Èèyàn lè fọwọ́ tẹ gbogbo rẹ̀ sínú ẹ̀rọ kan. Bó bá di igba ẹ̀rọ, ọwọ́ á ṣì í.

Orílẹ̀-èdè Benin tiwa ti rí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé wọn káàkiri fún LEPI, àkójọ orúkọ olùdìbò tí a kọ́kọ́ lò nínú ìdìbò ààrẹ 2011. Wọ́n tún gbé wọn wá fún RAVIP, ìkànìyàn fún ìdánimọ̀ aráàlú, ní oṣù kọkànlá 2017. Ẹ̀yin tí ẹ tò sórí ìlà láti tẹ̀ka, ẹ rántí.

Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ aládùúgbò wa ní Nàìjíríà ni ìtàn tó yẹ ká jókòó tì wà. Ní 2023, INEC, àjọ elétò ìdìbò wọn, ní ibùdó ìdìbò 176,846, ẹ̀rọ BVAS sì ni wọ́n fi ń mọ olùdìbò níbẹ̀. BVAS kọ̀ọ̀kan kó orúkọ àwọn olùdìbò ibùdó tirẹ̀ dání. Bí a bá gbé e lọ sí ibòmíràn, kò ní mọ ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ 25 oṣù kejì ni ìbò ààrẹ, ọjọ́ 11 oṣù kẹta ló yẹ kí ti gómìnà tẹ̀ lé e. Láàárín méjèèjì, wọ́n ní láti kó ohun tó wà nínú ẹ̀rọ pamọ́ sórí sáfà, kí wọ́n sì tún gbogbo wọn tò fún ìdìbò tuntun. Ọ̀rọ̀ ti dé kóòtù nígbà náà, nítorí àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú kan fẹ́ yẹ ẹ̀rọ wò kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ọjọ́ 8 oṣù kẹta ni ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn gbà kí wọ́n tún wọn tò. Àkókò kò tó mọ́. Ìdìbò gómìnà sún sí ọjọ́ 18. Orílẹ̀-èdè tí èèyàn rẹ̀ pọ̀ jù lọ nílẹ̀ Adúláwọ̀ dúró fún ọ̀sẹ̀ kan nítorí títo ẹ̀rọ!

Èyí tó tún ká mi lára jù ni ti IReV, ojúlé ayélujára tí wọ́n ń fi fọ́tò èsì ìbò sí. Lálẹ́ ọjọ́ ìbò ààrẹ, èsì ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ń wọlé, ti ààrẹ kọ̀. Àlàyé INEC nínú ìròyìn rẹ̀ ni pé abẹ́ ìpínlẹ̀ ni wọ́n to èsì sí lórí sáfà. Ìbò ààrẹ kò sì sí lábẹ́ ìpínlẹ̀ kankan, gbogbo orílẹ̀-èdè ni ẹkùn rẹ̀. Ẹ̀rọ dé ẹnu ọ̀nà, sáfà kò mọ yàrá tí yóò fi iṣẹ́ rẹ̀ sí. Àlàyé náà kò tẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́rùn, ẹ̀tọ́ wọn ni. Ojú oníṣẹ́ ẹ̀rọ ni mo fi ń wò ó. Wọ́n ti dán IReV wò l'Ékìtì àti l'Ọ́ṣun ní 2022, ó ṣiṣẹ́. Ìbò gómìnà nìyẹn, ìbò tó ní ìpínlẹ̀ tirẹ̀. Ibi tí wọ́n ti dán an wò kò jọ ibi tí wọ́n ń rán an lọ.

Ẹ jẹ́ ká wo Ṣábẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀. Aago Tógò fi wákàtí kan wà lẹ́yìn tiwa. Bí a bá gbé ẹ̀rọ láti Lomé wá sí ilé ìgbẹ̀bí níbí láìyí aago rẹ̀, ọmọ tí a bí ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́yìn ọ̀gànjọ́, ọjọ́ àná ni ẹ̀rọ yóò kọ fún un. Lọ́jọ́ 30 oṣù kọkànlá 2024, nọ́ńbà fóònù wa kúrò ní 8, ó di 10, 01 sì ṣáájú rẹ̀. Fọ́ọ̀mù tí a ti pàṣẹ fún pé kò gbọdọ̀ gba ju 8 lọ yóò máa lé àwọn ìyá ọlọ́mọ padà. Bọ́tìnì kọ̀ǹpútà tiwa bẹ̀rẹ̀ láti A, Z, E; ti Nàìjíríà láti Q, W, E. Nọ́ọ̀sì lè tẹ páàsìwọ́ọ̀dù rẹ̀ dáadáa títí ọ̀sán, kí ẹ̀rọ ṣì máa sọ pé irọ́ ni. Àkọtọ́ ńkọ́? Nàìjíríà ń kọ ẹ àti ọ, àwa ń kọ ɛ àti ɔ, àwọn Faransé sì ń kọ Savè fún Ṣábẹ̀ẹ́. Mo ti jókòó ti àkójọ orúkọ kan tí abúlé kan ṣoṣo ti di mẹ́ta nínú rẹ̀.

Nítorí náà, ìpele mẹ́ta ni mo máa ń to prófáìlì sí: ti gbogbo ẹbí, bí aago àti àkọtọ́, ti agboolé, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó dára jù ní àdúgbò náà, àti ti ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, bí kọ́kọ́rọ́ tó fi ń wọ sáfà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rọ méjì pín kọ́kọ́rọ́ kan. Bí ọ̀kan bá sọnù sínú ọkọ̀, ẹ ó lè ti ilẹ̀kùn mọ́ òun nìkan.

Nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá sì já ńkọ́? Ní 1993, Mark Burgess ṣe ètò kọ̀ǹpútà kan, CFEngine, ní yunifásítì Oslo. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ló ń gbé ìlànà tirẹ̀ dání, tó ń fi ara rẹ̀ wé e lóòrèkóòrè, tó sì ń tún ara rẹ̀ ṣe láìdúró de ìpè. Burgess wá sọ lẹ́yìn náà pé kò sí ẹ̀rọ tó lè jẹ́jẹ̀ẹ́ lórúkọ ẹ̀rọ mìíràn. Tara rẹ̀ nìkan ló lè jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Kútọnu kò lè máa pariwo mọ́ ẹ̀rọ tó wà létí Ọ̀pàrà lójoojúmọ́. Ohun tí a kọ́ ọ kó tó kúrò nílé ni yóò máa ṣe títí ọ̀nà yóò fi là.

Ẹ̀yin ọmọ wa, lórí tábúlẹ́ẹ̀tì Android tuntun, láti ẹ̀yà 7.0, ẹ tẹ ojú ìkíni lẹ́ẹ̀mẹ́fà níbì kan náà. Yóò ní kí ẹ fi àwòrán QR han òun; ibẹ̀ ni prófáìlì yóò gbà wọlé. Ti Ṣábẹ̀ẹ́ ni mo tẹ̀ sórí bébà yìí. Ẹ̀rọ mẹ́ta wà nínú páálí lábẹ́ tábìlì, a kò tíì tú wọn. Kí ọmọ mẹ́ta dìde, kí wọ́n máa bọ̀.