Ìkánjú Ni Ọ̀rẹ́ Olè: Bí A Ṣe Ń Darí Ìwádìí Ọ̀ràn Ní Ọ́fíìsì Tó Ń Ṣọ́ Ìjọba

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú wa sọ níbi ìpàdé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ní Ìmọ̀ta)

  Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹ̀yin àgbà kí n tó la ẹnu, nítorí bó ti wù kí n dàgbà tó, ọmọ kíláàsì yín náà ni mo jẹ́ níhìn-ín.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ní kí n wá sọ díẹ̀ nípa iṣẹ́ tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe, èyíinì ni dídarí ìwádìí ọ̀ràn ní ọ́fíìsì tí ìjọba fi ń ṣọ́ ara rẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ń retí ìtàn: ta ni wọ́n mú, èló ni wọ́n bá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ẹ má bínú, n kò ní sọ ìyẹn. Fáìlì tí mo fi sílẹ̀ ní ọ́fíìsì, ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wà. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ gbé lọ sílé lónìí: nídìí iṣẹ́ yìí, ìkánjú ni ọ̀rẹ́ olè. Ẹni tó ń darí ìwádìí gbọ́dọ̀ rí i pé òfin àti ìwé ti dúró ṣinṣin kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó kan èjìká afurasí.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ìjọba náà ní ojú tó fi ń ṣọ́ orí tirẹ̀, kò sì jẹ́ ẹyọ kan. Ní 1975, ìjọba ológun dá Public Complaints Commission sílẹ̀ kí mẹ̀kúnnù tí òṣìṣẹ́ ìjọba bá rẹ́ jẹ lè rí ibi ké sí. Òfin ìpìlẹ̀ 1979 mú Code of Conduct Bureau wá, níbi tí òṣìṣẹ́ ìjọba ti ń kọ ohun ìní rẹ̀ sílẹ̀. ICPC dé ní 2000, Adájọ́ Mustapha Akanbi sì ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. EFCC bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2003. Ní Èkó tiwa níbí, gómìnà fọwọ́ sí òfin àjọ tirẹ̀ ní 2021. Ọ́dítọ̀ àgbà náà ń bẹ níbẹ̀: ẹsẹ 125 nínú òfin ìpìlẹ̀ 1999 ní kí ọ́dítọ̀ àgbà ìpínlẹ̀ yẹ ìwé owó ìpínlẹ̀ wò, kí ó sì gbé àbọ̀ lọ síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin.

Ẹnìkan á ní, ṣé ọlọ́pàá ò tó ni? Ẹ jẹ́ ká rin ìrìn àjò díẹ̀. Ní Hong Kong, ọ̀gá ọlọ́pàá kan tó ń jẹ́ Peter Godber sá lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1973 nígbà tí wọ́n ń wádìí owó rẹ̀. Ariwo tí ará ìlú pa ló bí àjọ ICAC ní 1974, àjọ tí kò sí lábẹ́ ọlọ́pàá. Wọ́n mú Godber padà ní 1975, ó sì ṣẹ̀wọ̀n. Nílé níbí, EFCC gbé Tafa Balogun, ẹni tó ti jẹ́ ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá gbogbo Nàìjíríà, lọ sílé ẹjọ́ ní 2005. Ó gbà pé òun jẹ̀bi, ilé ẹjọ́ sì rán an lẹ́wọ̀n oṣù 6. Òótọ́ ni pé ọlọ́pàá pọ̀ nínú òṣìṣẹ́ EFCC, ṣùgbọ́n bí kò bá sí ọ́fíìsì mìíràn tí wọ́n lè ti máa ṣiṣẹ́, ta ni ìbá wádìí ọ̀gá wọn?

Ọ̀nà tí a ń gbà ṣiṣẹ́ ló kàn. Bí wọ́n bá pa ènìyàn, òkú á wà nílẹ̀. Bí wọ́n bá fọ́ ṣọ́ọ̀bù, àgádágodo á ti já. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jí owó ìjọba, ohun gbogbo á dúró bó ti wà. Fáọ́ṣà á wà, wọ́n á ti buwọ́ lù ú, wọ́n á ti lu òǹtẹ̀. Ìwé tí olè fi bo ara rẹ̀ náà ni yóò tú u, bí a bá lè kà á.

Ẹ jẹ́ ká ṣe àpẹẹrẹ kan. Àpẹẹrẹ lásán ni o, kì í ṣe ilé ìwé ẹnikẹ́ni. Ká ní ìjọba ìbílẹ̀ kan san owó páànù kíláàsì 4, ìwé ẹ̀sùn wá wọlé pé kíláàsì 2 péré ni wọ́n kàn. Ọmọ iṣẹ́ tí ara rẹ̀ gbóná á ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká lọ gbé akápò!" Ọ̀gá tó mọṣẹ́ á ní kó jókòó. Á kọ́kọ́ bi í pé, òfin wo ni wọ́n rú bí ẹ̀sùn yìí bá jẹ́ òótọ́? Lẹ́yìn náà, wọ́n á lọ gba ojúlówó ìwé kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ fìn-ín: ìwé tí wọ́n fi gbé iṣẹ́ fún kọngílá, fáọ́ṣà, ìwé tí ẹni tó yẹ iṣẹ́ wò fọwọ́ sí. Wọ́n á kọ ọjọ́ àti aago tí wọ́n gbà á, àti orúkọ ẹni tó gbé e fún wọn. Wọ́n á kọ̀wé sí báńkì láti mọ ibi tí owó gbà. Wọ́n á gbé téèpù lọ sórí ilẹ̀, wọ́n á wọn òrùlé, wọ́n á ka páànù. Wọ́n á gbọ́ tẹnu ọ̀gá ilé ìwé, tẹnu gbẹ́nàgbẹ́nà, tẹnu ọlọ́dẹ. Ẹni tí wọ́n fi sùn ni wọ́n á bi léèrè kẹ́yìn, nígbà tí wọ́n ti mọ ohun tí wọ́n ń béèrè.

Nígbà tí ìwé bá pé tán, ẹ lè rí i pé akápò tí gbogbo ènìyàn ń nàka sí ló ti kọ̀wé pé òun kò fara mọ́ ọn, tí ìwé náà wà ní ìsàlẹ̀ fáìlì níbi tí wọ́n fi pa mọ́ sí. Ká ní a ti gbé e jù sí àtìmọ́lé láti ọjọ́ kìíní ńkọ́? Ẹlẹ́rìí wa tó dára jù ni à bá fi ọwọ́ ara wa bà jẹ́, olè gan-an á sì ti rí àyè jó ìwé rẹ̀.

Ẹjọ́ kan wà tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí kà. EFCC gbé Olóyè Bode George, alága ìgbìmọ̀ Nigerian Ports Authority tẹ́lẹ̀, àti àwọn 5 mìíràn lọ sílé ẹjọ́ gíga ti Èkó. Lára ẹ̀sùn náà ni pé wọ́n pín kọ́ńtíráàtì ńlá sí wẹ́wẹ́ kí ó má baà kọjá iye tí àṣẹ wọn mọ. Ní oṣù kẹwàá 2009, adájọ́ ní wọ́n jẹ̀bi, ó sì rán wọn lẹ́wọ̀n. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́mílọ́rùn fara mọ́ ọn. Olóyè náà parí ẹ̀wọ̀n ní 2011. Ní oṣù kejìlá 2013, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ó tó gẹ́ẹ́. Wọ́n ní pípín kọ́ńtíráàtì kò tíì sí nínú ẹ̀ṣẹ̀ tí òfin kọ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣe é, wọ́n sì ní olùpẹjọ́ kò fi hàn pé wọ́n ní èrò jìbìtì lọ́kàn. Ẹsẹ 36(12) nínú òfin ìpìlẹ̀ 1999 ló sọ ọ́: a kò gbọdọ̀ dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi lórí ẹ̀ṣẹ̀ tí òfin kò kọ sílẹ̀ tòun ti ìjìyà rẹ̀. Òfin tí wọ́n fi ń gbé iṣẹ́ ìjọba jáde, èyí tó dé ní 2007, ló wá sọ irú pípín bẹ́ẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀.

N kò wá dá ẹjọ́ náà lẹ́ẹ̀kejì o. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ̀rọ̀, ó parí. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wò ó. Ènìyàn ṣẹ̀wọ̀n tán kí wọ́n tó sọ fún un pé kò jẹ̀bi. Ta ni yóò dá ọjọ́ wọ̀nyẹn padà fún un? Ará ìlú tó fẹ́ mọ bí owó èbúté ṣe rìn náà, kí ló rí gbà? Kò sẹ́ni tó jèrè. Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè "òfin wo?" fi gbọ́dọ̀ ṣáájú "ta ni?"

Bí òfin bá ti dúró, ẹ̀rí ló kù. Òfin ẹ̀rí 2011, ẹsẹ 84, sọ pé ìwé tó bá ti inú kọ̀ǹpútà jáde, àfi kí ìwé mìíràn bá a rìn tó ṣàlàyé irú ẹ̀rọ tó mú un jáde àti pé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ìwé ìjọba tí kì í bá ṣe ojúlówó, àfi kí ọ́fíìsì tó ni ín jẹ́rìí sí ẹ̀dà rẹ̀. Ìjẹ́wọ́ ńkọ́? Èkó ti ṣòfin láti 2007 pé kí wọ́n gbà á sórí fídíò tàbí kí lọ́yà afurasí wà níbẹ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ tẹ̀lé e ní 2015. Ẹ rí i pé ìgbájú-ìgbámú kò ràn wá lọ́wọ́ rárá. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, fóònù mẹ́ta ló máa ń dún létí ẹni tó ń darí ìwádìí. Àkọ́kọ́ máa ń ti òkè wá: "Fáìlì yẹn, rọra o." Ìkejì máa ń ti ilé wá: "Ọmọ wa ni, ẹ bá wa wò ó." Ìkẹta ni ti ẹni tó kọ ìwé ẹ̀sùn: "Kí ló dé tí ẹ kò tíì mú un? Àbí ẹ ti gbowó?" Èyí ìkẹta yìí ló ń ba ìwádìí jẹ́ jù, nítorí ó ń mú ọ̀gá fẹ́ fi hàn pé òun kò gbowó. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ìdáhùn kan náà ni fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, á wọ inú fáìlì. Bí orúkọ ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ mi bá sì jáde, màá kọ ọ́ sílẹ̀, màá yọwọ́, ẹlòmíràn á máa bá a lọ.

Òfin gan-an ti gbìyànjú ìkánjú rí. Òfin ICPC fẹ́ kí wọ́n parí ẹjọ́ láàrin ọjọ́ iṣẹ́ 90. Nígbà tí ìpínlẹ̀ Oǹdó gbé ọ̀rọ̀ òfin náà lọ sílé ẹjọ́ tó ga jù lọ, wọ́n dá òfin náà sí ní 2002, ṣùgbọ́n wọ́n wọ́gi lé ẹsẹ yẹn. Síbẹ̀, ẹ má rò pé mò ń gbèjà ìjáfara. Fífẹ̀sọ̀ ṣiṣẹ́ yàtọ̀ sí fífi ìdí jókòó lé fáìlì. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ọ̀gá gbọ́dọ̀ béèrè pé: ìwé wo ló wọlé, èwo ló kù, ta ló ń mú un bọ̀? Fáìlì tí kò sí ìwé tuntun nínú rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, ẹnìkan ti pa á nìyẹn.

Kí ló kan Ìmọ̀ta níbẹ̀? Ó kàn wá gan-an. Ní oṣù kìíní 2023 ni wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ ìrẹsì tó wà nílùú wa yìí, tí wọ́n kọ́ láti máa ṣe tọ́ọ̀nù 32 láàrin wákàtí kan. N kò sọ pé nǹkan kan bàjẹ́ níbẹ̀ o. Ohun tí mò ń sọ ni pé ohun ìní gbogbo wa ni, ìwé ló sì ń gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ró: ìwé ilẹ̀, ìwé ẹ̀rọ, ìwé àpò tó wọlé àti èyí tó jáde. Ẹ wo àyíká yín nínú gbọ̀ngàn yìí. Akápò wà níbí, stóòkípà wà níbí, ọ̀gá ilé ìwé, ọ́dítọ̀, kọngílá. Àwa la ń buwọ́ lu ìwé tí ẹnìkan yóò wá kà lọ́jọ́ kan.

Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má buwọ́ lu iṣẹ́ tí ẹ kò fojú rí. Bí ọ̀gá bá fipá mú yín, ẹ kọ ọ̀rọ̀ yín sínú fáìlì, kí ẹ ní ẹ̀dà lọ́wọ́. Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Bí ẹ bá mọ ohun kan, ẹ sọ ohun tí ẹ rí nìkan, ẹ má fi ìkùnsínú kún un. Ẹsẹ 64 nínú òfin ICPC dáàbò bo orúkọ ẹni tó bá mú ìròyìn wá. Bí ọ̀kan nínú wa bá sì wà nídìí ìwádìí, ẹ má pè é nítorí kíláàsì kan náà tí a jọ jókòó sí. Ojúrere tó tóbi jù tí ẹ lè ṣe fún un ni kí ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ kọ́ wa pé bí ẹnìkan kò bá wá, kí a má ṣe máàkì rẹ̀ nínú rẹ́jísítà. Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Bí gbogbo wa bá rántí ẹ̀kọ́ kan yẹn níbi iṣẹ́, iṣẹ́ àwọn tó ń ṣe ìwádìí á dínkù.