Má Jẹ́ Kí Ọ̀rọ̀ Dókítà Lé Ọ Kúrò Nílé Ìwòsàn

Bíbélì kíkà: 1 Sámúẹ́lì 1:9-18, Máàkù 5:25-34

Ẹ ṣí Bíbélì yín sí ìwé Sámúẹ́lì kìíní, orí kìíní.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí, a kì í sábà gbọ́ ọ lórí pẹpẹ. Ọ̀rọ̀ ara sísan ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Àwọn kan jókòó síbí tí wọn ò tẹsẹ̀ sí ilé ìwòsàn láti ọdún méjì. Kì í ṣe torí pé kò sówó, kì í sì í ṣe torí ìgbàgbọ́. Ọ̀rọ̀ kan péré tí dókítà sọ nípa bí wọ́n ṣe tóbi tó ni kò jẹ́ kí wọ́n padà. Ìwọ ni Olúwa rán mi sí.

Láyé àtijọ́, bí a bá pàdé ẹnìkan lẹ́yìn ọjọ́ pípẹ́, tí a ní "Ẹ mà sanra o!", oore la kí i. Ó túmọ̀ sí pé ayé ń yẹ ẹ́. Ìyàwó tó bá rù lẹ́yìn ìgbéyàwó, ọkọ ni wọ́n ń bi léèrè. Lónìí, ọ̀rọ̀ kan náà ti di èébú. Òróbó ni wọ́n ń pè é lọ́jà, òróbó náà ni wọ́n ń pè é nínú ọkọ̀ èrò, níbi tí kọ̀ńdọ́ ti ń ní kó san owó èèyàn méjì. Nínú ẹgbẹ́ akọrin ńkọ́? Ẹ dákẹ́ ná, mo ń bọ̀ lórí yín. Ṣùgbọ́n bí kọ̀ńdọ́ bá bú ọ, wàá sọ̀ nínú ọkọ̀, ó tán. Dókítà yàtọ̀. Ara rẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. O ti bọ́ṣọ, o ti gun òṣùwọ̀n, kò síbi tí o fẹ́ sá sí. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ fi ń wọni lára dé egungun.

Ẹ wo Hánà. Ọdọọdún ni Pẹ̀nínà ń fi àìrọ́mọbí ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀. Ìyẹn orogún, a lè retí ẹ̀. Hánà wá gbé ẹkún rẹ̀ lọ sí Ṣílò, níbi tó yẹ kó ti rí ìtùnú. Àlùfáà Élì wò ó láti orí ìjókòó, kò bi í ní nǹkan kan, ó ní ọtí ló ń pa á. Ẹ gbọ́ mi o. Ohun tí Élì rí, ó rí i lóòótọ́. Ètè obìnrin yẹn ń mì, ohùn ò jáde. Ojú Élì ò parọ́. Ìtumọ̀ tó fún ohun tó rí ni kò tọ̀nà.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn dókítà mìíràn. Wọ́n rí ara ńlá, wọ́n ti pinnu pé alájẹkì ni, ọ̀lẹ ni. Wọn ò bèèrè oògùn tó ń lò. Àwọn oògùn steroid tí wọ́n ń fún ẹni tó ní ásímà tàbí àrùn oríkèé máa ń mú ara sanra tí èèyàn bá lò ó pẹ́. Abẹ́rẹ́ ìfètòsọ́mọbíbí olóṣù mẹ́ta náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn obìnrin kan. Ẹ̀yà ara kékeré kan wà níwájú ọ̀fun tí wọ́n ń pè ní thyroid; tí kò bá ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, èèyàn lè máa jẹun díẹ̀ kó sì máa wúwo sí i. Ti ìdílé wà níbẹ̀. Oúnjẹ náà wà níbẹ̀, mi ò ní tàn yín: iyán òru, mínírà lójoojúmọ́, kí á jókòó sí ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀ di alẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bèèrè ò lè mọ èwo ni.

Kí ni Hánà wá ṣe? Ó lè bú Élì padà. Èsì wà nílẹ̀, ẹ kúkú mọ ìwà tí àwọn ọmọ Élì ń hù. Ó lè ní, "Bàbá, ẹ lọ wo àwọn ọmọ yín nílé ná." (Ẹ̀rín.) Ó tún lè gbé gèlè rẹ̀ kó máa sunkún lọ sílé. Kò ṣe méjèèjì. Ó dúró, ó fi ọ̀wọ̀ pè é ní olúwa rẹ̀, ó ní kò rí bẹ́ẹ̀, ó sì ṣàlàyé ohun tó ń ṣe é gan-an. Ẹnu tó bú u náà ló padà súre fún un! (Ìjọ: Halelúyà!) Ká ló bínú kúrò ní Ṣílò, ta ni ì bá súre fún un lọ́jọ́ yẹn?

Ẹ wo ẹsẹ kejìdínlógún, ẹ fa ìlà sí i: Hánà jẹun. Àwọn kan, tí dókítà bá ti bú wọn, wọ́n á febi pa ara wọn fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n á pè é ní ààwẹ̀. Ààwẹ̀ kọ́ nìyẹn, ìbínú ni. Lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n á jẹ ti ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀.

Arábìnrin kan wá bá mi, ó gbà mí láyè kí n sọ ọ́. Orúnkún ló ń dùn ún tó fi lọ sí ilé ìwòsàn kan. Dókítà ò tíì fọwọ́ kan orúnkún náà tó fi ní, "Màmá, ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ ń jẹ oúnjẹ ilé yín ni? Ẹ rọra o, bẹ́ẹ̀dì wa ò lágbára." Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó ní òun náà rẹ́rìn-ín, kí wọ́n má baà mọ̀. Ó dé ilé, ó ti ilẹ̀kùn. Kò padà lọ gba èsì àyẹ̀wò. Oṣù mẹ́jọ! Nígbà tí orí fífọ́ wá pọ̀ jù, ìyá ìjọ kan fà á lọ́wọ́ padà síbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ti di 190 lórí 110. Tó bá ti dé 140 lórí 90, tí wọ́n sì ń bá a bẹ́ẹ̀ léraléra, ẹ̀jẹ̀ ríru nìyẹn. Ó sì lè wà lára fọ́dún púpọ̀ láìdunni, kó máa ba ọkàn àti kíndìnrín jẹ́, títí yóò fi di rọpárọsẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Dókítà kan náà ló bá. Ó ní, "Dókítà, ẹ má bínú. Mo mọ̀ pé mo sanra, dígí wà nílé mi. Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ níjọ́sí dùn mí, òun ni mi ò fi padà wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ara mi." Ó ní dókítà ò sọ pé ẹ pẹ̀lẹ́. Ó kàn wolẹ̀, ó fa àga sún mọ́ òun, ó ní, "Ó tó ìgbà wo tí orúnkún yẹn ti ń dùn yín, Màmá?" Arábìnrin yìí ṣì ń lo oògùn títí dòní, ó ń lò ó pẹ̀lú àdúrà.

Ẹni tó bá ń jẹ ẹja kì í torí egungun da ọbẹ̀ nù. Yẹ̀yẹ́ dókítà, egungun ni, yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo. Ṣùgbọ́n tó bá ní ìwọ̀n rẹ pọ̀ jù, má kígbe pé "Kì í ṣe ìpín mi!" kó o máa lọ. Ìṣirò ni wọ́n ń ṣe, kì í ṣe èpè. Wọ́n á fi gíga rẹ lọ́nà méjì pín ìwọ̀n rẹ. Ẹni tó ga tó mítà 1.6, tó wọn kílò 90, tirẹ̀ jẹ́ 35. Láti 30 lọ ni wọ́n ti ń pè é ní àsanjù. Wọn ò sì ní kó o di lẹ́pa. Kílò mẹ́rin sí márùn-ún péré tí ẹni yẹn bá dín kù, ó máa ń ran ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà lọ́wọ́.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ yín ò mọ̀. Aṣọ tí wọ́n ń wé mọ́ni lápá láti wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ní títóbi-títóbi. Tí apá rẹ bá tóbi, tí wọ́n fi kékeré wé e, yóò fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ rẹ ga ju bó ṣe rí lọ. Bèèrè èyí tó tóbi. Má tijú, ẹ̀tọ́ rẹ ni. Ọdún 2018 ni ìjọba àpapọ̀ gbé ìwé ẹ̀tọ́ àwọn aláìsàn jáde nílẹ̀ wa, ó sì wà níbẹ̀ pé kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún ọ, kí wọ́n ṣàlàyé àìsàn rẹ fún ọ, kó o sì lè fẹjọ́ sùn. Bí o bá ti sọ̀rọ̀ bíi Hánà, tí ẹni náà ò gbọ́, ní kí dókítà mìíràn rí ọ, tàbí kó o lọ sí ọ́fíìsì SERVICOM tó wà láwọn ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀. Ohun tí mi ò fẹ́ ni kó o jókòó sílé. A kì í bínú orí ká fi fìlà dé ìbàdí.

Ẹ̀yin dókítà àti nọ́ọ̀sì tí ẹ wà láàárín wa, a mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ yín ti lọ sókè òkun, iná ò sí. Síbẹ̀, ẹ bèèrè kí ẹ tó pinnu. Lúùkù, dókítà ni, ó wà ní Kólósè 4:14. Máàkù sọ ọ́ gbangba pé obìnrin onísun ẹ̀jẹ̀ jìyà púpọ̀ lọ́wọ́ àwọn oníṣègùn, ara rẹ̀ sì ń burú sí i. Nígbà tí Lúùkù máa sọ ìtàn kan náà, ó ní wọn ò rí i wò sàn, kò mẹ́nu kan ìyà. Dókítà gbèjà dókítà! (Ẹ̀rín.) Ṣùgbọ́n ẹ wo Jésù. Ó pe obìnrin yẹn síta láàárín èrò, ẹ̀rù bà á pé wọ́n fẹ́ dójú ti òun. Ọmọ ni Jésù pè é. Ẹ̀yin akọrin, ṣé ẹ ti gbọ́ tiyín?

Ẹ dìde. Gbé ọwọ́ lé àyà rẹ. Sọ ọ́ fún Olúwa, dárúkọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ sí ọ yẹn, má bò ó mọ́ra. (Ìjọ ń gbàdúrà.) Baba, ọ̀rọ̀ tó ti di ọgbẹ́ lọ́kàn ọmọ rẹ, fa májèlé rẹ̀ yọ lónìí. (Ìjọ: Àmín!) Fún un ní ẹnu Hánà. (Ìjọ: Àmín!) Gbogbo àìsàn tó fara pamọ́ nígbà tó ń bínú, Olúwa, jẹ́ kí wọ́n rí i kó tó pẹ́ jù. (Ìjọ: Àmín!)

Kí ẹ tó lọ, àwọn nọ́ọ̀sì ìjọ wa wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. A ti ra aṣọ apá tó tóbi. Abẹ́ ìbòjú ni wọn yóò ti wọn ìwọ̀n yín, ẹnikẹ́ni ò ní pe nọ́ńbà yín síta.