Aago Wo Ni Kí A Rà fún Àwọn Ọmọ Tí Ń Ta Chess?



Láti ìgbà tí Túndé Ọ̀nàkọ̀yà ti fi wákàtí 60 ta chess ní New York lóṣù kẹrin ọdún 2024, àwọn ọmọ wa ní Benin yìí kò jẹ́ ká sinmi mọ́. Pátákó ti wà. Aago ló kù.

Mo wo ọmọ wa kan níbi ìdíje. Ó ku ìṣẹ́jú kan fún un, ẹ̀rù bà á, ó ń ta wàràwàrà, ó sì gbé ọbabìnrin rẹ̀ sẹ́nu ọ̀tá. Kò mọ̀ pé gbogbo ìgbà tí òun bá tẹ aago ni ó ń fi ìṣẹ́jú àáyá 30 kún àkókò òun. Aago ọlọ́wọ́ àtijọ́ tí a fi kọ́ ọ kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Bobby Fischer ló gbé irú aago yìí jáde. Òun àti Spassky lò ó ní Yugoslavia lọ́dún 1992. Lónìí, ìṣẹ́jú 90 pẹ̀lú àáyá 30 lórí ìta kọ̀ọ̀kan ti wọ́pọ̀ ní ìdíje àgbáyé.

Èyí tó ń fi kún àkókò ni kí a rà, tó sì ń fi ẹni tí àkókò rẹ̀ kọ́kọ́ tán hàn, kí ìjà má baà ṣẹlẹ̀. DGT 3000 dára, ó ṣeé so mọ́ pátákó oníná. Ṣùgbọ́n a kò ní irú pátákó bẹ́ẹ̀. DGT 2010 tó wa. (Mo fọwọ́ sí ìwé ìrajà ìjọba fún ọdún púpọ̀, mo mọ bí owó ṣe ń ṣòfò.) Kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ irú kan náà, kí ẹni tó ń tò ó má baà dàrú. Bátìrì kéékèèké ló ń lò, ó sì wà ní Ring Road.

Mẹ́fà tó ọmọ méjìlá. Akápò wa, ojú yín ni mo ń wò.